Táìsì Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Alámọ̀

Ọkọ mi ló ni iṣẹ́ táìsì, kì í ṣe èmi. Nígbà tí a fẹ́ra wa, ó ti ń lẹ táìsì káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́, èmi sì ń ta òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti síìpù ní Ọjà Igbó. Lọ́dún tí àbígbẹ̀yìn wa wọ ilé ìwé, pákó kan kán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lókè ilé. Ó já bọ́, eegun ìbàdí rẹ̀ sì fọ́. Wọ́n tò ó, ó jinná, àmọ́ kò lè kúnlẹ̀ mọ́, ẹni tí kò bá sì lè kúnlẹ̀ kò lè lẹ táìsì.

Iṣẹ́ ilé ìwẹ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti gbà tí kò tíì parí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ńtì, nítorí mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un, mo sì máa ń dúró wò ó. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ parí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá ẹlòmíràn títí tí kò rí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí wọ́n fi mọ́tò gbé òun lọ síbẹ̀, a gbé àga fún un lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ náà, ó wá ń fi ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ mi bá ti yẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe bí a ṣe ń gé táìsì. Ó ní kí n máa fi ẹ̀yìn òòlù kan ògiri, kí n sì fetí sí i. Ògiri tó dára a máa dún gbì, bí ìgbà tí èèyàn kan àpò ẹ̀wà tó kún. Èyí tí ara rẹ̀ ti ṣí kúrò nínú a máa dún kò, bí igbá òfìfo.

"Tó bá ti dún kò," ó ní, "má lẹ nǹkankan mọ́ ọn. Bí onílé ń sunkún, má lẹ̀ ẹ́."

Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi mọ̀ mí sí Ìyá Onítáìsì. Ọwọ́ mi mọ́, mi ò kì í yára, mi ò sì kì í jẹ́ kí ìlà wọ́. Síbẹ̀, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà tuntun, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi bóyá ọkùnrin kan ń bọ̀.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí Àlàájì kan pè mí láti Ìbàdàn. Aṣọ ló ń tà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó rí iṣẹ́ mi ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì fẹ́ kí n wá fi táìsì tó dà bí òkúta bo iwájú ilé bàbá rẹ̀, láti ìpìlẹ̀ dé abẹ́ páànù. Bàbá náà ti kú. Àáfà ni nígbà ayé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kù nínú ilé. Àwọn ọmọ Àlàájì fẹ́ ṣe wòlímà Kùránì, àwọn èèyàn ń bọ̀ láti Ìbàdàn àti Ìlọrin, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ilé náà bó ṣe wà.

Mo lọ wò ó. Kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọlọ́jà ń gbà ni. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ni, ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè sùn lójú fèrèsé. Bàbá ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ iwájú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀dà tí wọ́n kùn lé e ti ṣí, ó ń re bí ìpẹ́ ẹja.

Ìyá arúgbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ìborùn funfun wé orí, jókòó sórí pèpéle iwájú ilé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Káàbọ̀," wọ́n ní. "Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó ń bọ̀ wá fi àwo bo ilé wa?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Obìnrin ni wọ́n rán wá. Ó dáa náà. Obìnrin kúkú ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀."

N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, n kò sì bèèrè. Mo yọ òòlù jáde nínú àpò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ògiri láti ọwọ́ ọ̀tún. Ó dún gbì, ó tún dún gbì. Nígbà tí mo dé abẹ́ fèrèsé, ó dún kò. Láti ibẹ̀ dé igun ilé, kò síbi tí mo kàn tí kò dún bí igbá. Ní ibì kan, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi lé sìmẹ́ńtì náà, ó sì mì.

"Kí ló sọ fún ọ?" Ìyá Àgbà bi mí.

"Ta ni, mà?"

"Ògiri tí ò ń gbá lórí."

"Ó ní òun ti gbó, mà."

"Ó gbó lóòótọ́. Tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú mọ́lẹ̀, á máa làágùn láti inú. Látìgbà tí bàbá wọn ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ ni sìmẹ́ńtì ọ̀hún ti ń wú. Ẹ wá fẹ́ fi àwo dí i pa. Níbo ni òógùn yẹn máa gbà jáde?"

Mo ní àá wá nǹkan ṣe sí i. Ohun tí à ń sọ fún àgbàlagbà nìyẹn tí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kírun tán, Àlàájì dé. Mo mú un lọ sí igun ilé, mo kan ògiri náà létí rẹ̀.

"Àlàájì, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Sìmẹ́ńtì yìí ti ṣí kúrò lára amọ̀. Kò lè gbé táìsì, ó wúwo."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ lè ṣe é ni àbí ẹ ò lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é, àmọ́..."

"Ẹnì kan wà tó ń lẹ táìsì ilé epo kan lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ó ti wá wo ibí. Kò sọ pé nǹkankan ń dún. Èmi ni mo ní kí n dúró dè yín, torí wọ́n ní ọwọ́ yín mọ́. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ sọ ọ́ kí n mọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀rù ò bà mí, sà."

Òótọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀rù ló mú mi dákẹ́. Mo wo ọ̀nà tó kọjá níwájú ilé náà, mo wo àwọn tó ń gbé ẹrù lọ sí Akẹ̀sán, mo ronú pé gbogbo wọn ni yóò máa rí iṣẹ́ ọwọ́ mi lójoojúmọ́, wọn á máa bèèrè ẹni tó ṣe é, wọn á sì gbọ́ pé obìnrin ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Mo ti fẹ́ sọ pé ebi ló ń pa wá nígbà náà, àmọ́ ebi ò pa wá.

Mo gbá sìmẹ́ńtì tó ti ṣí dànù níbi tó ti burú jù. Mo ra wáyà oníhò, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ, mo fi ìṣó gígùn kàn án mọ́ ara amọ̀, mo sì fi sìmẹ́ńtì tuntun bò ó. Mo sọ fún ara mi pé wáyà á dì í mú. Ọkọ mi pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́.

"Ṣé o kan ògiri náà wò?"

"Mo kàn án."

"Báwo ló ṣe dún?"

"Mo ti kan wáyà mọ́ ọn."

Ó ní, "Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn, Ìyá àwọn ọmọ."

Mo sọ fún un pé iná fóònù mi ń tán lọ. Ó ṣì ju ìdajì lọ.

Iṣẹ́ náà dára. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ tó kì í ṣe òdodo sọ ọ́. Mo to táìsì aláwọ̀ ilẹ̀ mọ́ èyí tó dà bí eérú, mo gé àwọn etí fèrèsé láìsí ibi tó fọ́, mo sì fi èyí tó kù bo pèpéle tí Ìyá Àgbà máa ń jókòó lé. Lọ́jọ́ wòlímà, àwọn ọmọ wọ funfun, wọ́n gbé wàláà wọn dání, gbogbo ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ló lọ dúró síwájú ògiri náà. Àlàájì pè mí síwájú àlejò, ó ní, "Ẹ wò ó, obìnrin yìí ló ṣe é o." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo gbà ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà.

Kí n tó lọ, mo bi Ìyá Àgbà bí ilé ṣe rí lójú wọn.

"Ó dára lójú," wọ́n ní. "Ó tutù nídìí."

Òjò ọdún àkọ́kọ́ kò ṣe ilé náà ní nǹkankan. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní Ọ̀yọ́, mo máa ń ní kí ọlọ́kadà gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan, mo rí ohun funfun bí iyọ̀ tó ń yọ láàárín táìsì lábẹ́ fèrèsé. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi etí ìró mi nù ún kúrò, mo kí Ìyá Àgbà, mo gun ọ̀kadà mi padà. N kò kan ibẹ̀ wò.

Lọ́dún kejì, òjò àrọ̀kúrò pọ̀. Ó rọ̀ fún ọjọ́ bíi mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí oòrùn wá ràn, mo wà ní ilé ìdáná kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mò ń lẹ táìsì sí, ni fóònù mi bá dún. Àlàájì ni.

"Ìyá Onítáìsì, ẹ máa bọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Táìsì yín ti ya lu ìyá mi."

Mo bi í bóyá wọ́n wà láàyè. Ó ti pa fóònù. Mo pè é, kò gbé e.

Mo fi sìmẹ́ńtì tí mo ti pò sílẹ̀ nínú páànù, mo lọ wọ mọ́tò. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kò jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn tírélà pọ̀ lọ́nà, a sì ń tẹ̀lé wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ, mo sì jẹ́ ẹni tó máa ń gbàdúrà kó tó kọjá títì. Lọ́jọ́ yẹn, n kò gbàdúrà. N kò rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún Ọlọ́run tí kò tíì mọ̀. Mo kàn ń wo sìmẹ́ńtì tó ń gbẹ lọ lára èékánná mi.

Ilé náà ni mo kọ́kọ́ dé. Láti abẹ́ fèrèsé dé igun ilé, gbogbo rẹ̀ ti wá sílẹ̀ lódindi, táìsì, sìmẹ́ńtì, wáyà àti ìṣó, pẹ̀lú amọ̀ tútù tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Pèpéle ti là sí méjì. Obìnrin kan ládùúgbò tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ló sọ fún mi pé Ìyá Àgbà wà láàyè, wọ́n wà ní ọsibítù. Orí pèpéle náà ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń yá oòrùn, oòrùn wá ń ta wọ́n lójú, wọ́n dìde láti lọ jókòó sódì kejì. Ẹsẹ̀ wọn kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn nígbà tí ògiri náà dé. Ó bẹ́ wọn lójúgun, ó sì yẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn.

Mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti rán ojúgun wọn, wọ́n ti fi báńdéèjì wé e. Àlàájì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí lẹ fẹ́ sọ?" ó bi mí.

Mo kúnlẹ̀. "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Mo gbọ́ ọ lára ògiri pé kò ní dúró. Mo sọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní ṣé mo lè ṣe é àbí mi ò lè ṣe é. Ó yẹ kí n gbé irinṣẹ́ mi kí n máa lọ. Mi ò lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ mi."

Mo ti ń retí kí ó pariwo, kí ó tilẹ̀ gbá mi létí. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀.

"Èmi náà sọ ọ́ fún ọ," wọ́n sọ fún ọmọ wọn. "Ṣé mi ò sọ ọ́? Mo ní ògiri yẹn ń làágùn. O ní kí n jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe é." Wọ́n yí ojú sí mi. "Ìwọ mọ̀. Òun náà mọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wó o lù mí. Ó tó báyìí. Ẹ bu omi fún mi."

Àlàájì ló bu omi náà. Ó gbé ife náà sí wọn lẹ́nu.

Nígbà tí mo padà délé, mo jókòó ti ọkọ mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí iná fóònù tí kò tán. Kò bá mi wí. Lọ́jọ́ kẹta, a ń jẹun, ó kàn sọ pé, "Pákó tó kán mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́sí, mo ti rí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ó ti jẹrà. Mo rò pé á gbé mi dìrọ̀lẹ́." Ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tó ti já bọ́, ohun tó ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé pákó náà kán ṣàdédé.

Àlàájì fẹ́ kí ìyá rẹ̀ bá òun lọ sí Ìbàdàn, kí òun wó ilé náà, kí òun sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ìyá Àgbà ní àwọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n ní kí wọ́n bọ́ gbogbo ohun tó wà lára ògiri wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé sìmẹ́ńtì dé ibẹ̀ mọ́. Mo ní èmi ni màá bọ́ ọ, mi ò sì ní gba nǹkankan. Àlàájì ní kí n ṣe ohun tí Màmá bá ní kí n ṣe, òun ò ní dá sí i.

Ó gbà mí lákòókò ju bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́ lọ. Mo fi ẹnu irin tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣa àwọn tí kò fọ́ jọ. Ìyá Àgbà ti kúrò ní ọsibítù nígbà náà, wọ́n ń jókòó sábẹ́ ìbòòji ilé tó kọjú sí tiwọn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Nígbà tí mo bọ́ sìmẹ́ńtì bàbá kúrò níbi tó kù, amọ̀ gan-an yọjú. Mo rí i pé kò tẹ́jú. Ìlà ìka ọwọ́ ló kún ara rẹ̀, ó ń lọ yíká yíká bí ìgbì odò, láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ èèyàn lè ga dé.

Ìyá Àgbà tiro sọdá ọ̀nà, wọ́n wá dúró tì mí. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé àwọn níyàwó wọ ilé náà, ọkùnrin ló ń mọlé, obìnrin ló ń rẹ́ ẹ. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, gbogbo àwọn obìnrin ilé á pa iṣẹ́ tì, wọ́n á po ẹrẹ̀, wọ́n á tún ara ògiri rẹ́. Ìgbà tí sìmẹ́ńtì wá wọ́pọ̀, tí bàbá fi rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú gbogbo wọn dùn pé iṣẹ́ ọdọọdún ti tán.

Wọ́n fọwọ́ kan ibì kan lábẹ́ fèrèsé tí àwọn ìlà náà ti dorí kọ apá kejì. "Ìyálé mi ló rẹ́ ibí. Ọwọ́ òsì ló máa ń lò." Ìyálé náà ti kú tipẹ́. Wọ́n ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kọ́ ọ?"

Mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ.

"Jẹ́ kí ó gbẹ ná. Má fọwọ́ kàn án títí ọyẹ́ á fi fẹ́ lọ. Kí o sì lọ wá èèpo igbá."

Èèpo èso igi igbá ni wọ́n ń wí, igi tí a fi èso rẹ̀ ṣe irú. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irú ní Ọjà Igbó. Wọ́n ní kóró nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn, oko ni wọ́n ń da èèpo sí, àfi kí n lọ sí apá Ìkòyí-Ilé. Mo dúró di ìgbà tí igbá gbó, mo sì lọ. Àwọn obìnrin tí mo bá nídìí igbá fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí ẹni tó wá láti ìgboro wá fi owó mọ́tò gbé pàǹtí. Ìgbà tí mo sọ fún wọn pé ògiri ni mo fẹ́ fi kùn, bàbá kan tó jókòó nítòsí ní, "Ìyá mi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé yẹn ò jò láyé." Wọ́n di àpò méjì fún mi.

Ilẹ̀pa wà ní Ọ̀yọ́. Mo gbé ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, wá láti gáà àwọn Fúlàní. Mo gé koríko bẹẹrẹ wẹ́wẹ́. Ìyá Àgbà ní kí n po gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí n fi ewé bò ó, kí n fi í sílẹ̀ kó rà. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ó ń rùn dé ìta. Àwọn ará àdúgbò wá bèèrè ohun tó kú nínú ilé náà.

Mo mú irin tí mo fi ń rẹ́lé, mo bu ẹrẹ̀ sórí rẹ̀.

"Gbé irin yẹn sílẹ̀," Ìyá Àgbà ní. "Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é."

Mo fi ọwọ́ rẹ́ ẹ. Mo rẹ́ ẹ kó tẹ́jú bí ohun tí wọ́n fi irin ṣe, inú mi sì dùn. Nígbà tí mo padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ti sán, ó rí bí ìsàlẹ̀ odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo sì tún ń nà án jù. Wọ́n ní kí n há a kúrò. Mo há a kúrò. Èyí tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kejì, mo jẹ́ kó le díẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pẹ̀lú ìka, mi ò sì wá kí ó tẹ́jú mọ́. Kò sán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a ń ṣe é lọ, Ìyá Àgbà fi ọ̀pá wọn ti ògiri, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ni Àlàájì bá wa.

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń rẹ́lé."

"Ìgbẹ́ màlúù nìyẹn, Màmá. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ò tíì jinná tán."

"Ẹsẹ̀ kọ́ ni mo fi ń rẹ́ ẹ. Tí o bá fẹ́ dúró síbí, ká apá aṣọ rẹ."

Kò ká a. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀ nínú aṣọ léèsì rẹ̀, ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lára ògiri, ó sì jáde lọ. Mo rò pé inú ló bí i. Ìgbà tó padà dé, ó ra àkàrà gbígbóná àti omi tútù wá fún wa, ó gbé e kalẹ̀, ó sì jókòó sórí òkúta títí a fi jẹ ẹ́ tán.

A se èèpo igbá títí omi rẹ̀ fi dúdú bí àgbo. Mo fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sára ògiri, mo fi òkúta odò tó ń dán pa á léraléra. Ó pupa, ó wá dúdú díẹ̀, ó ń dán ní ibi tí ọwọ́ ti kàn án jù. Àkọ́rọ̀ òjò dé kí oṣù náà tó parí. Mo lọ sí Ọ̀yọ́ nítorí ẹ̀. Omi ń ṣàn lórí rẹ̀ lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ tutù, ó làágùn bí wọ́n ṣe wí, nígbà tó sì di ọ̀sán, ó ti gbẹ.

Kì í ṣe pé ó parí síbẹ̀. Lọ́dọọdún ni òjò ń jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, lọ́dọọdún ni mo sì ń lọ tún un rẹ́. Ìyá Àgbà ṣì wà, wọ́n ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì máa ń fi àpá ojúgun wọn han àlejò bí ẹni tó ń fi ilà ojú hàn. Àwọn iṣẹ́ tí mo gbà ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ wòlímà, nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, méjì nínú àwọn onílé náà ní kí n wá bọ́ táìsì mi kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù ni ògiri tiwọn. Mo lọ bọ́ ọ. Tíṣà kan rí ògiri Ìyá Àgbà, ó ní òun fẹ́ irú rẹ̀ ní yàrá òun. Mo ṣàlàyé pé ọdọọdún ni á máa tún un ṣe. Ó rò ó, ó ní kí òun kúkú kun ọ̀dà.

Táìsì ṣì ni iṣẹ́ mi. Mo ń kan ògiri kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, tó bá sì dún kò, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀, màá gbé irinṣẹ́ mi. Àwọn onílé mìíràn a máa pè mí padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ní kí n sọ ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Àwọn mìíràn kì í pè. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kọjá níwájú ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ti kọ iṣẹ́ rẹ̀, mo rí ọkùnrin kan lórí pákó tó ń lẹ táìsì mọ́ ọn. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́. Mo sọ fún un pé mo ti kan ògiri yẹn wò, láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dé igun, kò dára. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà, ó bu sìmẹ́ńtì sẹ́yìn táìsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e lé ògiri. Mo dúró wò ó díẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.